Palermo: ibo ni kéèyàn dé, ibo ni kó fi sílẹ̀?

Àdùkẹ́_Leeds
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi, màmá mi àti ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 ń lọ sí Palermo ní erékùṣù Sísílì, nígbà ìsinmi ilé ìwé lóṣù kẹwàá. A ti gba físà, a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ibi tá a máa sùn ò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ibi tí màá mú wọn lọ gan-an ni mi ò mọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kún fún "ibi 50 tó o gbọ́dọ̀ dé", ó kàn ń dá orí rú ni. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni màmá, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ rí, àmọ́ orúnkún wọn ò fẹ́ rí àtẹ̀gùn. Ọmọ mi ò fẹ́ rí ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Èmi fẹ́ràn ìtàn. Ọjọ́ díẹ̀ la ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ ń gbé ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kò gbọ́dọ̀ fò wá?

Ìyá_Ballarò
Ẹ káàbọ̀ o, Àdùkẹ́. Palermo ni mò ń gbé, ẹ̀gbẹ́ ọjà Ballarò ni mo ti ń tajà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Tó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo lẹ máa wọ̀ nínú ìlú yìí, Cappella Palatina, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré àwọn ọba, ni kẹ́ ẹ wọ̀. Inú ààfin àwọn ọba Norman, àwọn ajagun tó wá láti àríwá Faransé, ló wà, Palazzo dei Normanni, lápá òkè ìlú. Ọba Roger Kejì ló kọ́ ọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1132, wọ́n sì yà á sí mímọ́ lọ́dún 1140. Kò tóbi. Ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ ń kọ mànà fún wúrà: òkúta àti gíláàsì wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò pọ̀ títí tó fi di àwòrán Jésù, àwọn ańgẹ́lì, Pétérù àti Pọ́ọ̀lù. Ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Gíríìkì nìyẹn. Kẹ́ ẹ wá gbójú sókè wo àjà. Pákó ni, àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà àwọn Mùsùlùmí dunjú ló gbẹ́ ẹ tí wọ́n sì kùn ún, àwòrán àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, àwọn tó ń kọrin àtàwọn tó ń mutí ló wà lára rẹ̀. Lórí ilé ìjọsìn o! Mi ò tíì rí ẹni tó wọbẹ̀ tí ọrùn ò dùn nígbà tó jáde.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ. Ilé aṣòfin Sísílì ṣì ń lo ààfin yẹn títí dòní. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, ti àwọn aṣòfin ni, wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ yàrá àwọn ọba lókè. Ẹ lè rí ṣápẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí Yàrá Roger, tí àmọ̀tẹ́kùn, ẹyẹ ọ̀kín àti igi ọ̀pẹ aláwọ̀ wúrà wà lára ògiri rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì máa wu ọmọkùnrin yín. Ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta tàbí Ajé ló dáa. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Máàsì máa ń dí àlejò lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ pé orúnkún ń dun màmá kẹ́ ẹ tó kọrí sí àtẹ̀gùn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn
Ẹ ṣé gan-an, Ìyá. Mo fẹ́ fi ìtàn díẹ̀ tì í, torí ẹni tí kò bá mọ ẹni tó jọba tẹ̀lé ẹni ní Palermo, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ á jọra lójú rẹ̀.

Àwọn ará Finísíà, oníṣòwò orí òkun láti apá ibi tó ń jẹ́ Lẹ́bánónì lónìí, ló tẹ ìlú náà dó, ó ti lé lọ́dún 2,500. Àwọn Lárúbáwá gbà á lọ́dún 831, ó sì di olú ìlú wọn ní Sísílì. Lọ́dún 1072 làwọn Norman tún gbà á lọ́wọ́ wọn. Ohun tó mú mi nífẹ̀ẹ́ ìlú yìí ni pé àwọn Norman ò pa ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ rẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Roger Kejì ládé lọ́jọ́ Kérésì ọdún 1130, àwọn akọ̀wé ààfin rẹ̀ ń kọ ìwé ní èdè Látìnì, Gíríìkì àti Lárúbáwá. Mùsùlùmí ni al-Idrisi, onímọ̀ tó ya àwòrán ilẹ̀ ayé fún un, tó sì parí ìwé rẹ̀ lọ́dún 1154. Ó kọ nípa ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbẹ̀, títí kan ìjọba Gánà àtijọ́.

Bẹ́ ẹ bá wá ń rìn, ẹ máa wo ibi tí wọ́n ti lẹ ọ̀kan mọ́ ìkejì. Ẹ lọ sí Kàtídírà. Mọ́sáláṣí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lára àwọn òpó tó wà lábẹ́ ìloro apá gúúsù, ọ̀kan wà tí ẹsẹ̀ Kùránì ṣì wà lára rẹ̀ tí wọ́n fín sí i, àwọn àlejò kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ni. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ wá a. Nínú lọ́hùn-ún, ẹ máa rí pósí òkúta pupa ńláńlá tí wọ́n sin Roger Kejì àti ọmọ ọmọ rẹ̀ Frederick Kejì sí, ẹni tó kú lọ́dún 1250. Ká sòótọ́, inú Kàtídírà fúnra rẹ̀ ò rí nǹkan kan, wọ́n tún un kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1780 sí 1800, ó sì funfun báláú. Ìta rẹ̀ ló lẹ́wà.

Lọ́dún 2015, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ 9 lára àwọn ilé ayé àwọn Norman yìí sínú ìwé ogún aráyé. 7 wà nínú Palermo, àwọn méjì tó kù ni kàtídírà Monreale àti ti Cefalù.

Alárìnká_Ọ̀wọ̀
Ẹ má bínú o, Ìyá, àmọ́ èmi ò fara mọ́ ọ pé Cappella Palatina ló yẹ kó ṣáájú. Monreale ni. Ó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú, bọ́ọ̀sì 389 láti Piazza Indipendenza, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin yẹn náà, ló ń lọ síbẹ̀. William Kejì, ọmọ ọmọ Roger, ló kọ́ ọ, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1174. Iṣẹ́ olókùúta wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ lé ní 6,000 mítà níbùú lóròó. Ìtàn Bíbélì ni, láti ìgbà tí Ọlọ́run dá ayé: Nóà ń kan ọkọ̀, Ábúráhámù gbé ọ̀bẹ sókè, Jékọ́bù ń bá ańgẹ́lì jìjàkadì. Bí màmá ṣe máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó tẹ́jú mọ́ ògiri, ó lè ka gbogbo rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Kò sí àtẹ̀gùn fún ìyẹn. Wọn ò tún ní fún un bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní Cappella Palatina, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò ti ń tì ọ́ látẹ̀yìn.

Ẹ má gbàgbé agbo òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ yàtọ̀. Òpó 228 ló yí ọgbà náà ká ní méjì-méjì, kò sì sí orí òpó kan tí wọ́n gbẹ́ bí èkejì.

Ìyá_Ballarò
Alárìnká, mi ò bá ẹ jà. Bí ọjọ́ bá gbà, kí wọ́n lọ síbi méjèèjì. Àmọ́ bọ́ọ̀sì 389 yẹn, ẹni tó bá ń dúró dè é á mọ ohun tí sùúrù ń jẹ́. Nítorí màmá, kí wọ́n gba takisí lọ, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí owó kí wọ́n tó wọlé.

Bọ̀dá_Tòkunbọ̀
Kò sẹ́ni tó ti mẹ́nu kan ihò òkú àwọn Capuchin? Catacombe dei Cappuccini. Ọmọkùnrin ọdún 10 ò ní gbàgbé ẹ̀ láyé. Láti nǹkan bí ọdún 1599 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkú gbígbẹ síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wà lára ògiri, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi sin wọ́n: àwọn fadá lápá kan, àwọn obìnrin lápá kan, àwọn dókítà àti lọ́yà lápá kan. Ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Rosalia Lombardo, tó kú lọ́dún 1920 kó tó pé ọmọ ọdún méjì, ṣì wà nínú pósí onígíláàsì, ẹ máa rò pé ó ń sùn ni.

Àgbà_Ìjẹ̀bú
Tòkunbọ̀, kí lẹ̀ ń sọ yìí? Ẹ fẹ́ kí màmá wọ ilé tí òkú ti so rọ̀ lára ògiri? Ní tiwa, a máa ń bo òkú ni. Èmi wọ ibẹ̀, mi ò sì pẹ́ tí mo fi jáde. Kì í ṣe ẹ̀rù ló lé mi. Àwọn wọ̀nyí ní orúkọ, wọ́n ní ẹbí, ẹbí wọn ló sì sanwó kí wọ́n lè máa wá kí wọn. Ní báyìí, àlejò tó mú ike omi dání ló ń wò wọ́n.

Bọ̀dá_Tòkunbọ̀
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Àmọ́ àwọn ará Palermo ayé ìgbà yẹn ò rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹbí máa ń wá pààrọ̀ aṣọ fún òkú wọn, wọ́n á sì gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àpọ́nlé ni wọ́n kà á sí. Fífi fóònù ya fọ́tò sì jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀, èyíinì náà bọ̀wọ̀ fún wọn díẹ̀. Kí Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ pinnu.

Àdùkẹ́_Leeds
Mo ti bi màmá. Wọ́n ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́". Ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ_Àgùdà
Àdùkẹ́, nítorí pé ọmọ ìjọ Àgùdà ni màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn ò ní rí nínú "ibi 50" yẹn.

Ẹni mímọ́ aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn alábòójútó ìlú Palermo. San Benedetto il Moro lorúkọ rẹ̀. Ẹrú láti Áfíríkà ni bàbá àti ìyá rẹ̀, wọ́n bí i sí San Fratello ní Sísílì ní nǹkan bí ọdún 1526. Ó di arákùnrin nínú ẹgbẹ́ San Francesco, alásè ni ní ilé ìjọsìn Santa Maria di Gesù lẹ́yìn ìlú Palermo, kò sì lè kàwé. Síbẹ̀ wọ́n fi í ṣe olórí ilé náà. Nígbà tó fi máa kú lọ́jọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1589, gbajúmọ̀ àti mẹ̀kúnnù ló ń tò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti gba ìmọ̀ràn. Lọ́dún 1652 ni ìgbìmọ̀ ìlú yàn án mọ́ àwọn alábòójútó Palermo, ó sì di ọdún 1807 kí Póòpù Pius Keje tó kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́.

Ìdí tó fi kan àwa gan-an ni Bùràsíìlì. Àwọn ẹrú àti ọmọ ẹrú tó wà níbẹ̀ gba São Benedito bí ẹni tiwọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń gbé ère rẹ̀ sí ilé ìdáná, wọ́n á bu kọfí síwájú rẹ̀, torí alásè ni. Àwọn Àgùdà tó padà wá sí Èkó láti Bahia mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi.

Èyí tó bani nínú jẹ́: lóṣù keje ọdún 2023, iná igbó jó Santa Maria di Gesù, ó sì kan òkú ẹni mímọ́ náà tó wà nínú pósí rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó forí lé ibẹ̀. Ohun tí màmá lè rí láìṣe wàhálà ni àwòrán rẹ̀ ńlá kan lára ògiri ilé gíga ní àdúgbò Ballarò, ayàwòrán ará Palermo náà, Igor Scalisi Palminteri, ló yà á. Ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀, àwọn ará Nàìjíríà, Gánà àti Bangladesh ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sọ́jà.

Ìyá_Ballarò
Ọmọ_Àgùdà, ẹ kú ọpọlọ pípé. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà níbí pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Santa Rosalia nìkan ni gbogbo ayé mọ̀, nítorí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1624 tí wọ́n gbà pé ó lé kúrò nílùú, àti ayẹyẹ ńlá tí wọ́n máa ń ṣe fún un lálẹ́ ọjọ́ 14 oṣù keje. Ẹ ò ní bá a lóṣù kẹwàá. Ibi mímọ́ rẹ̀ wà nínú ihò àpáta lórí Monte Pellegrino, ọkọ̀ ń dé ibẹ̀, ẹ sì máa bá àwọn ará Tamil láti Sri Lanka, tó ń ṣe ẹ̀sìn Híńdù, tí wọ́n ń gbàdúrà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lé wọn. Láti ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, àtẹ̀gùn ṣì kù.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́_Kétu
Fún ọmọkùnrin náà: Museo internazionale delle marionette Antonio Pasqualino, ní àdúgbò Kalsa lẹ́bàá òkun. Ọmọláńgidi ló kún ibẹ̀, láti Sísílì, Éṣíà àti Áfíríkà. Ti Sísílì wọ ẹ̀wù irin, ó yọ idà, òkìtì òkú á sì wà lórí pèpéle kí eré tó parí. Wọ́n ń pe eré náà ní Opera dei Pupi. Ogun àwọn jagunjagun Charlemagne, ọba Yúróòpù àtijọ́ kan, pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n sábà máa ń ṣe, eléré á fi ẹsẹ̀ lu pákó ilẹ̀ gbì-gbì bí ogun bá gbóná. Ọmọ ò nílò láti gbọ́ èdè Ítálì.

Ohun tó mú mi gbérá lọ síbẹ̀ ni pé lọ́dún 2001, nígbà tí UNESCO kọ́kọ́ kéde àwọn àṣà àtẹnudẹ́nu tó jẹ́ iyebíye fún gbogbo aráyé, Opera dei Pupi àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jọ wà nínú orúkọ àkọ́kọ́ yẹn ni. Èmi tí mo ti ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti kékeré, mo fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n jọ pè wá. Nínú méjèèjì, ìdílé ló sábà máa ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ náà. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n máa ṣeré kẹ́ ẹ tó lọ. Kì í ṣe ojoojúmọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn
Ẹ mú ọmọ yẹn lọ sí Zisa náà. Ààfin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn ọba Norman ni, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1165. Àwọn tó kọ́ ọ gbé e kọjú sí ibi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ wá, wọ́n jẹ́ kí omi ṣàn kọjá láàárín yàrá ìsàlẹ̀, ni atẹ́gùn bá ń tutù bó ṣe ń gòkè. Kò sí iná mànàmáná nígbà yẹn o. Níwájú yàrá yẹn, wọ́n ya àwọn ẹ̀dá kéékèèké sókè, tí àwọn ará ìlú ń pè ní èṣù Zisa. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n kó bá iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí ọmọ kà wọ́n, ẹ̀yin á ráyè sinmi díẹ̀.

Tó bá tún ń béèrè ohun tó kan Áfíríkà, Museo Archeologico Salinas wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá. Àwọn òkúta gbígbẹ́ láti tẹ́ńpìlì àwọn Gíríìkì ní Selinunte ló gbajúmọ̀ níbẹ̀: ẹ̀ẹ́ rí Perseus, akọni inú ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn, tó ń gé orí Medusa, obìnrin abàmì onírun ejò. Àmọ́ nǹkan kékeré kan wà tí àwọn èèyàn kì í yà sí. Òkúta dúdú ni, ìyókù èyí tó ti fọ́. Wọ́n ń pè é ní Òkúta Palermo. Àkọsílẹ̀ ọdọọdún àwọn ọba Íjíbítì àkọ́kọ́ ló wà lára rẹ̀: ọdún wo ni omi odò Nile ga tó báyìí, ọdún wo ni wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi. Nǹkan bí ọdún 4,400 sẹ́yìn ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ó wà lára àkọsílẹ̀ ìtàn ọba tó pẹ́ jù lọ láyé, ó sì jókòó sí Palermo jẹ́jẹ́.

Ṣadé_Ayàwòrán
Mo ń dúró kẹ́nì kan mẹ́nu kan Palazzo Abatellis, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó kún fún àwòrán, mi ò tíì rí i. Kí lẹ ń wò?

Ẹ wọbẹ̀ nítorí àwòrán méjì. Èkínní ni Ìṣẹ́gun Ikú, tí wọ́n yà sára ògiri ilé ìwòsàn kan ní nǹkan bí ọdún 1446 kí wọ́n tó ṣí i kúrò. Ikú gun ẹṣin tó ti ṣẹ́ ku egungun, ó ń ta ọfà. Bíṣọ́ọ̀bù, póòpù, ọba, ọmọge olówó ló ń ta lù. Àwọn tálákà àti aláìsàn tó wà lápá òsì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mú àwọn lọ, kò tiẹ̀ bojú wò wọ́n. Ẹni tó yà á ò fi orúkọ sílẹ̀, àmọ́ ó ya ara rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

Èkejì kéré, ó fẹ́ẹ̀ tó ìwé àjákọ méjì. Annunciata tí Antonello da Messina yà ní nǹkan bí ọdún 1476. Màríà ni, ó fi ìborùn búlúù borí, ọwọ́ kan di ìborùn náà mú, ìkejì nà sí iwájú. Àwọn ayàwòrán yòókù máa ń ya ańgẹ́lì tó mú iṣẹ́ wá. Antonello ò ya ańgẹ́lì kankan. Ìwọ tó ò ń wò ó lo dúró níbi tí ańgẹ́lì wà. Mi ò kí ń ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà, àmọ́ èmi gbà pé kò sí àwòrán tó jù ú lọ ní gbogbo Sísílì, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó wá. Ọjọ́ Ajé, wọn kì í ṣí. Ọjọ́ Àìkú, kẹ́ ẹ lọ láàárọ̀.

Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀, Oratorio di San Lorenzo ò jìnnà. Giacomo Serpotta ló fi èròjà funfun mọ àwọn ọmọ kéékèèké tó ń ṣeré kiri ara ògiri ibẹ̀. Àwòrán ìbí Jésù tí Caravaggio yà wà lórí pẹpẹ rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá ọdún 1969, nígbà táwọn olè gé e kúrò lára igi rẹ̀ lálẹ́. Wọn ò tíì rí i títí dòní. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ ló ṣe é, láti ọdún 2015.

Alárìnká_Ọ̀wọ̀
Ọ̀rọ̀ olè rán mi létí. Ẹ má jẹ́ kí ìrìn yín jẹ́ ti ọba àti ẹni mímọ́ nìkan. Nínú Kàtídírà yẹn náà, ẹ wá ibojì Fadá Pino Puglisi. Ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò Brancaccio kúrò lọ́wọ́ Máfíà, wọ́n sì yìnbọn pa á níwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1993. Ní òpópónà Notarbartolo, igi kan wà níwájú ilé tí adájọ́ Giovanni Falcone gbé kí Máfíà tó fi bọ́ǹbù pa á lọ́jọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 1992. Lẹ́tà àti fọ́tò táwọn ará ìlú ń so mọ́ ọn ò tán. Ẹ dákun, gbogbo ike àti aṣọ tí wọ́n kọ "Mafia" tàbí tí wọ́n ya bàbá oníbọn sí tí wọ́n ń tà fún àlejò, ẹ má rà á.

Ṣadé_Ayàwòrán
Mo fi ọ̀kan kún un: orí amọ̀ tí wọ́n ń pè ní Testa di Moro, tó wà lójú fèrèsé gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọmọge Kalsa kan fẹ́ràn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ó wá gbọ́ pé ó níyàwó àti ọmọ nílé, ló bá gé orí rẹ̀, ó gbin ewé efinrin sí i. Wọ́n á ní ọ̀ṣọ́ lásán ni. Iṣẹ́ amọ̀ náà dára lóòótọ́. Èmi ò lè gbé orí wa tí wọ́n gé sórí tábìlì mi.

Àgbà_Ìjẹ̀bú
Kóówá ló mọ ohun tó lè gbé wọlé.

Àdùkẹ́_Leeds
Ẹ ṣé gan-an o. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: ààfin lọ́jọ́ Ẹtì, Monreale lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Abatellis àti ọmọláńgidi lápá Kalsa. Màmá ti ń sọ nípa San Benedetto fún gbogbo ìjọ. Oúnjẹ ńkọ́? Kí la sì lè rí lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìyá_Ballarò
Lọ́fẹ̀ẹ́: Quattro Canti, ibi tí òpópónà méjì ti pàdé, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní orísun omi, ọba àti obìnrin mímọ́ tirẹ̀. Fontana Pretoria wà lẹ́yìn rẹ̀. Florence ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, Palermo rà á lọ́dún 1573, àwọn ère tó wà níbẹ̀ ò wọṣọ, làwọn ará ìlú bá sọ ibẹ̀ ní Gbàgede Ìtìjú. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì Martorana, níbi tí Jésù ti ń dé Roger ládé lára ògiri, àti San Cataldo tó ní òrùlé pupa roboto mẹ́ta; àwọn méjèèjì ń gba owó díẹ̀. Igi ficus ńlá ti Piazza Marina náà jẹ́ ọ̀fẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀ láti orí ẹ̀ka, ọmọ yín ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba kì í gbowó, Abatellis àti Salinas wà lára wọn.

Oúnjẹ: panelle, ẹ̀wà ceci tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n rò, tí wọ́n sì dín pẹlẹbẹ, wọ́n ń há a sínú búrẹ́dì bí ẹní jẹ àkàrà láàárọ̀ Sátidé. Màmá á fẹ́ràn ẹ̀. Arancina náà, ìrẹsì ni. Pani ca' meusa, ẹran inú màlúù ni wọ́n há sí búrẹ́dì, ẹni tó bá lè jẹ ṣàkì lè jẹ ẹ́. Tí ọkàn bá fà sí iṣu tàbí ẹ̀gúsí, ẹ yà sí Ballarò, a wà níbẹ̀.

Ìkìlọ̀: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń tì lọ́sàn-án, láti nǹkan bí aago 12:30 títí di aago mẹ́ta kọjá. Ẹ jẹun, ẹ sùn nígbà yẹn. Kí èjìká àti orúnkún wà lábẹ́ aṣọ. Gèlè ò pọn dandan.

Àdùkẹ́_Leeds
Ìbéèrè ìkẹyìn, mà. Ṣé káàdì ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, àbí ká mú owó dání?

Ìyá_Ballarò
Ní ààfin àti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá, káàdì ń ṣiṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké àti lọ́jà, ẹ mú owó ẹyọ dání. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, ẹ rà á ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ T sí kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, kẹ́ ẹ sì kì í bọ ẹ̀rọ tó ń lù ú lóǹtẹ̀ ní kété tẹ́ ẹ bá wọlé. Àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò kì í gba "àlejò ni mí".